Ohun Tí Oòrùn Wí Nípa Oko Ìyá Mi

Ojú oòrùn ni mò ń wò jẹun. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á wá bi mí bóyá òjò máa rọ̀ lọ́la, kó lè mọ̀ bóyá kó sá èlùbọ́ tàbí kó má sá a. N kì í dá wọn lóhùn mọ́. Òjò kọ́ niṣẹ́ mi. Nínú yàrá kan tó móoru lókè ilé alájà méjì kan ní Òṣogbo, iṣẹ́ mi ni kí n máa wo àwòrán oòrùn tó ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà, kí n ka àwọn àmì dúdú tó wà lójú rẹ̀, kí n sì kìlọ̀ fáráyé nígbà tó bá fẹ́ bínú. Oòrùn máa ń bínú. Á bú gbàù, á pọ ẹ̀hónú rẹ̀ sójú òfuurufú, ìjì náà á sì rin ọjọ́ kan àbọ̀ tàbí ọjọ́ méjì kó tó kan ayé. Kò ní jó wa lára, a ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó dé. Àmọ́ rédíò àwọn tó ń bá awakọ̀ òfuurufú sọ̀rọ̀ á máa hó ṣooo, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì láti sọ ibi tí èèyàn dúró sí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́.

Irọ́ tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pa lóko ìyá mi ni mo fẹ́ sọ, àti irọ́ tèmi, tó ṣáájú tirẹ̀.

Àràárọ̀ ni mò ń kọ ìkìlọ̀. Mo máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó mọṣẹ́ ní Òṣogbo, Iléṣà àti Àkúrẹ́. Ilé-iṣẹ́ rédíò kan tún máa ń tú u sí Yorùbá, wọ́n á kà á lẹ́yìn ìròyìn aago méje bí ẹni ń kéde ewúrẹ́ tó sọnù. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Ìyá mi nìkan ló ka iṣẹ́ mi sí nǹkan, kò sì yé òun náà. Ìwàrà ló ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kú fi sílẹ̀. Lálaalẹ́ tí mo bá pè é, bó bá ti kí mi tán, ohun tó máa bi mí ni pé, "Kí ni oòrùn wí?" Bó bá fẹ́ gba alágbàro, á bi mí. Bó bá fẹ́ wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, á bi mí. Mo máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń sín in jẹ, màá fa ohùn mi gùn bíi tirẹ̀, gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín. Rédíò bàbá mi wà lórí fèrèsé rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹnu mi ló ti ń gbọ́ ti oòrùn.

Bàbá mi ní oko kòkó àti obì lẹ́yìn Ìwàrà. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni oko tirẹ̀ bá a pààlà níhà àríwá. Pẹ̀rẹ̀gún ni bàbá wọn fi pààlà náà láyé àtijọ́. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ kan jó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lẹ́yìn tí bàbá mi kú, àwọn kùkùté mélòó kan ló kù. Bẹ̀rẹ̀ látìgbà náà ni àbúrò bàbá mi ti ń wo igi obì méje tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa, lẹ́bàá ààlà gan-an. Igi méje yẹn ni ìyá mi fi ń jẹun. Kòkó rẹ̀ ti gbó, àrùn ti mú èyí tó pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn obì yẹn kì í yẹ̀. Ó ń kó o lọ tà ní oríta Ìwàrajà, fún àwọn onímọ́tò tó ń lọ sí Àkúrẹ́.

Mo kórìíra àbúrò bàbá mi. N ò ní fi ọ̀rọ̀ kankan bò ó. Ọkùnrin tó ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, tí ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn ìyá ìjọ máa ń sunkún bó bá ń kọrin. Lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá mi, a ò tíì ṣan abọ́ oúnjẹ tó fi yíjú sí ìyá mi lójú gbogbo èèyàn. "Ìyàwó," ló wí, "obìnrin mẹ́ta lo bí fún ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin kì í dúró ti oko. Ulé ọkọ ni wọ́n ń lọ." Ló bá wò mí, èmi àbíkẹ́yìn, tí mo ti pé ogójì ọdún tí n ò tíì lọ́kọ. "Àfi ìwọ yí. Ìwọ ò rí ulé ọkọ lọ, ló o wá gbójú sókè tí ò ń wo oòrùn. Máa wò ó. Bóyá ọkọ á já bọ́ láti ibẹ̀." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi tẹríba, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi." Bí ìyàwó ṣe ń pe mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Mo gbé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn sínú fún ọdún mẹ́rin.

Nígbà tí ìjà ààlà náà le, olórí ẹbí wa, bàbá arúgbó kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, pe ìpàdé. Ìdájọ́ rẹ̀ tọ́. Ìwé ilẹ̀ bàbá mi ní nọ́ńbà igun kọ̀ọ̀kan oko náà. Ó ní kí wọ́n mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀rọ, kó máa tọ nọ́ńbà náà lọ. Ibi tí ẹ̀rọ bá dúró, ibẹ̀ ni wọ́n máa kan èèkàn mọ́. Lẹ́yìn náà, òun á bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ í sọ. Bí kò bá sí, wọ́n á gbin pẹ̀rẹ̀gún tuntun lọ́jọ́ náà, tọ̀tún tòsì á jọ jẹ obì kan náà, ó parí. Nínú agboolé wa, kò tíì sẹ́ni tó hú pẹ̀rẹ̀gún tí wọ́n gbìn báyẹn. Ẹni tó bá tún ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀, gbogbo ẹbí ló bú.

Àbúrò bàbá mi ló lọ wá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ náà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni ọ̀gbẹ́ni náà ní. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í lo ẹyọ kan. Méjì ni wọ́n ń lò: ọ̀kan á jókòó sí ibi tí wọ́n ti mọ nọ́ńbà rẹ̀, á máa tú irọ́ èkejì fó. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí kò ní ẹlẹ́rìí.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n wọn ilẹ̀, oòrùn bú gbàù.

Mo ti ń ṣọ́ àmì dúdú kan láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó tóbi, ó rí wúruwùru, ó sì ti yí kọjú sí wa. Mo rí i nígbà tó bẹ́. Mo ṣírò bí ìjì náà ṣe ń sáré, mo ní ọ̀tunla ni, láti ọ̀sán lọ, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni yóò le jù. Mo jókòó, mo kọ ìkìlọ̀ mi: kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kankan má ṣe gbára lé ẹ̀rọ rẹ̀ láti ọ̀sán ọ̀tunla títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́rọ kan ṣoṣo yẹn kò sí nínú wọn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pe olórí ẹbí pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Gbólóhùn kan ni. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ ṣí àkọsílẹ̀ éríà tó ń gba ohùn sátẹ́láìtì lórí òrùlé wa. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ éríà náà mọ́lẹ̀, kì í lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n bí ìjì oòrùn bá dé, nọ́ńbà rẹ̀ á máa wí pé ó ti rìn. Gbogbo ìjì ọdún méjì ni mo yẹ̀ wò. Àríwá ló máa ń sọ pé òun rìn sí. Àríwá kẹ̀, ibi tí oko àbúrò bàbá mi wà! Mo rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn lémi nìkan. Mo ní ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ háyà ni yóò ti ààlà wọ inú kòkó rẹ̀. Yóò dúró níbẹ̀ tòun ti ohùn dídùn rẹ̀, obìnrin tó bí obìnrin mẹ́ta á sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Oòrùn ni yóò purọ́ fún mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo pe ìyá mi. Kò pẹ́ kó tó bèèrè.

"Kí ni oòrùn wí nípa ọ̀la?"

Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti sọ fún ọkọ rẹ̀ ọ̀hún pé kí wọ́n dá a dúró. Mo mọ ìyá mi.

"Ọ̀la dáa, Màmá," ni mo wí. "Oòrùn tutù. Kò sí wàhálà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Olúwa ṣeun. Mo mọ̀ pé oò ní jẹ́ kí ojú ó tì mí."

Mo tètè pa fóònù.

Aago méjì la fàdéhùn sí. Olórí ẹbí ò dé títí aago mẹ́rin fi kọjá, nítorí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Bí wọ́n ṣe ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ń dùn, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dúró dè. Wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi dá orin kan, ìyá mi gbè é. Ọ̀gbẹ́ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tẹ nọ́ńbà inú ìwé bàbá mi sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì gba inú oko wa wọlé, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ó ń lọ sí ìhà àríwá. Mo ń wo ọ̀kan nínú kùkùté pẹ̀rẹ̀gún àtijọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń retí ìgbà tó máa kọjá rẹ̀.

Kò dé ibẹ̀. Ó dúró sínú oko wa.

"Ibí ni," ló wí, ó sì kan èèkàn mọ́lẹ̀.

Mo rò pé ó ń ṣeré. Ó rìn lọ sí igun kejì, ó tún dúró sápá ọ̀dọ̀ wa. Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti èèkàn dé kùkùté. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún. Àwọn igi obì méjèèje dúró sí òdìkejì, bíi pé wọn kò mọ̀ wá rí.

Ìgbà náà ni ọpọlọ mi tó ṣiṣẹ́. Bí aago ọwọ́ rẹ bá ń sáré, kì í mú ọ pẹ́ dé. Ńṣe lo máa dé kí àkókò tó tó. Ẹ̀rọ tó bá rò pé òun ti rìn sí àríwá ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní jẹ́ kí ẹni tó gbé e dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀yìn ló máa dá a dúró sí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ò ní ṣi ìyẹn. Èmi tí mo mọ wákàtí tí ìjì máa dé láti ojú oòrùn, mo ṣi ọwọ́ iwájú àti ọwọ́ ẹ̀yìn, nítorí pé ìkà ti wọ̀ mí lójú. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ìyá mi ni eérú tèmi lọ bá.

Olórí ẹbí dúró láàárín èèkàn méjèèjì. "Ṣé ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ í sọ?"

Mo ní ọ̀rọ̀. Mo lè sọ pé oòrùn ń jà lókè yìí, ẹ̀rọ ń parọ́, ẹ jẹ́ ká padà wá lọ́la. Wọ́n á bi mí ìgbà tí mo mọ̀. Ìkìlọ̀ mi wà nínú fóònù mi, tòun ti ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Àbúrò bàbá mi á ní àjẹ́ ni mí, mo ti di ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ láti Òṣogbo. Mo wo ẹsẹ̀ mi.

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ṣé ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ í sọ?"

Ìyá mi wo àwọn igi rẹ̀. Ó wá wò mí. Kì í ṣe ìwò ẹ̀sùn, ó kàn wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó mọ̀wé. Ó dúró dè mí díẹ̀, mo rí i pé ó ń dúró.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta."

"Bàbá, n ò ní ọ̀rọ̀," ni ìyá mi wí. "Ọmọ mi tó ń ṣọ́ oòrùn ló ní ọjọ́ òní dáa. Ẹ̀rọ ò lè purọ́ lọ́jọ́ tó dáa. Mo gbà."

Àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó, mo ti ń wí pé ọmọ yí wúlò."

Wọ́n gbin pẹ̀rẹ̀gún náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun fúnra rẹ̀ ló já obì tí wọ́n jẹ, láti ara ọ̀kan nínú igi méjèèje. Ó pa á, ó fún ìyá mi ní awẹ́ kan, ìyá mi gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀, ó jẹ ẹ́. Èmi náà jẹ tèmi. Ó korò.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́ fún mi lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní kò sí ìkìlọ̀ tó bá wákàtí mu bẹ́ẹ̀ rí ní ilé-iṣẹ́ wa. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan pè láti Àkúrẹ́ láti dúpẹ́; ó ní mo yọ òun nínú ẹjọ́. Wọ́n ra mítíìpáì, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wo àkọsílẹ̀ éríà wa ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó rìn sí àríwá, bí mo ṣe wí. Ìrìn rẹ̀ àti ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún tèmi kò fi ju ìdajì ìṣísẹ̀ lọ yàtọ̀ síra. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo ká a, mo fi sínú Bíbélì tí n kì í ṣí.

Ó pé ọdún mẹ́ta tí ìwé náà fi wà níbẹ̀. Ìwé yẹn àti ìkìlọ̀ mi lápapọ̀ tó láti dá igi méje padà. N kàn ní láti gbé e síwájú ẹbí ni, kí wọ́n sì rí orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀. N kò gbé e. Lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbúrò bàbá mi ni ìyá mi ń lọ ra obì lọ́wọ́ rẹ̀. Obì igi tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló ń rà, tó ń rù lọ sí oríta Ìwàrajà. Mo gbọ́ pé ọkùnrin náà máa ń ní kí ìyá mi kọ́kọ́ ro abẹ́ igi náà kó tó tà á fún un, nítorí pé ọwọ́ obìnrin dára nídìí obì. Ó sì ń ro ó. Kò ṣàròyé fún mi lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá pè é, á kí mi, á wá bèèrè ohun tí oòrùn wí, èmi náà á sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, òótọ́ pọ́nńbélé, láìyọ kúrò, láìfi kún un. N kò tún parọ́ oòrùn fún un mọ́ títí dòní. Mo rò pé ìyẹn á fọ nǹkan kan.

Lọ́yẹ́ tó kọjá yìí, mo mú ìwé náà jáde. N kò lè sọ pé ìwà mi ló yí padà. Èèyàn kan rí ìyá mi lójú ọ̀nà oko, ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìwàrajà lọ́jọ́ Sátidé. Ó wà lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, eruku mọ́tò bò ó, ó ń ṣa obì tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára àwọn tó dára. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọ̀dọ̀ oòrùn tó bú títí dé orí aago tó ń sáré. Mo ní mo ṣe tán láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí bí ọkùnrin bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n hú pẹ̀rẹ̀gún náà.

Kò dáwọ́ obì ṣíṣà dúró.

"Mo mọ̀," ló wí.

Mo ní kí lẹ mọ̀, Màmá.

"Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọn ilẹ̀, mo ra bátìrì tuntun sí rédíò bàbá rẹ. Mo ní ọjọ́ ńlá ni, kí n gbọ́ uṣẹ́ ọmọ mi kí n tó jáde. Wọ́n kà á ní aago méje. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ará ulé tí a jọ ń gbọ́ ọ ní kí n lọ sọ fún olórí ẹbí." Ó ju obì kan tó ti jẹrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo ní rédíò ló ń purọ́. Mo ní ọmọ mi ti bá mi sọ ọ́ lánàá."

Mọ́tò kan dúró, ó ta obì fún awakọ̀ rẹ̀, ó kí i, ó ní kó máa rọra sáré.

"Mo wò ọ́ nínú oko lọ́jọ́ náà," ló wí nígbà tó jókòó padà. "Mo ní bóyá o máa sọ̀rọ̀."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn."

"Ká lọ sọ kí ni? Pé kí ọkọ mi tún rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí? Fi í sílẹ̀. Igi lásán ni." Ó mú ìwé náà lórí itan mi, kò wò ó, ó fi pọ́n obì márùn-ún fún obìnrin kan tó ń dúró.

Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, mo bi í ìdí tó fi ń bi mí lálaalẹ́ lẹ́yìn tó ti mọ̀ pé mo parọ́, fún odidi ọdún mẹ́ta, ohun tí oòrùn wí.

"Ọmọ mi ni ọ́," ló wí. "Mo ní láti bá ọ sọ nǹkan kan."

Mo ṣì ń pè é. Ó ṣì ń bèèrè, mo sì ń sọ òótọ́ fún un. Á ní ó ṣeun, kí n sùn ire. Àràárọ̀, bí mo bá tún pè é ní kùtùkùtù, ohùn rédíò ni mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Á ní kí n mú sùúrù ná, kí wọ́n ka ti oòrùn tán.